Ta Ni Káńsẹ́lọ̀ Wọ́ọ̀dù Yín?

Ọmọ Mọ̀lípà: Ẹ kú ọ̀sán o, gbogbo ilé. Ọmọ ọdún 22 ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Gbogbo ohun tí àwọn olóṣèlú ń bá ara wọn fà l'Ábùjá ni mo mọ̀, torí pé orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, mi ò lè dárúkọ rẹ̀. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ń dùn mí gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ́ tó fẹ́ mọ bí òṣèlú àdúgbò rẹ̀ ṣe ń lọ, tó sì fẹ́ kópa níbẹ̀, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò lówó, mi ò sì ní bàbá ìsàlẹ̀ kankan.

Aláṣọ Òkè-Ajé: Ọmọ mi, kọ́kọ́ ríṣẹ́ ṣe ná. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọmọ Mọ̀lípà: Ẹ ṣé, mà. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, aṣọ ni mò ń rán.

Aláṣọ Òkè-Ajé: O ń ránṣọ! Níbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ wà? Èló lò ń gba ìró àti bùbá? Mo ní léèsì kan tí tẹ́lọ̀ mi ti gbé sílé látọjọ́ yìí.

Káàdì Lọ́wọ́: Ẹ LỌ GBA KÁÀDÌ ÌDÌBÒ YÍN. Kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́yìn ìyẹn.

Jídé Ìjagun: Káàdì wo? Ọwọ́ mi ni tèmi wà láti ọdún 2022. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2024 tí wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó alága ìjọba ìbílẹ̀ 20, ìyẹn gbogbo wọn pátá. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣèjọba l'Ókè-Mọ́sàn, ní ọ́fíìsì gómìnà, náà ló máa ń kó o. Kí ni káàdì mi fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Káàdì Lọ́wọ́: Bí gbogbo yín bá gba káàdì, tí ẹ sì jáde, kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Tísà Àná: Ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, nítorí ìbéèrè gidi ló bi wá. Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú wa, kò ti orí àga ńlá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó wọ ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement, ó sì di akọ̀wé ẹ̀ka wọn n'Ìbàdàn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ akọ̀wé: kí o kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀, kí o kọ lẹ́tà, kí o máa lé àwọn tó jẹ owó ẹgbẹ́ kiri. Nígbà tó fi máa wọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, ìjọba ìbílẹ̀ wà lára iṣẹ́ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi mínísítà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ẹni tó mọ bí owó ṣe ń wọ àpò káńsù ló lè mọ ibi tí owó ilé-ìwé yóò ti wá. Ọmọ mi, gbójú kúrò l'Ábùjá fún ìgbà díẹ̀. Wá ọ́fíìsì INEC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ, kí o bèèrè orúkọ wọ́ọ̀dù rẹ àti ibùdó ìdìbò rẹ. Wọ́ọ̀dù 236 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀kan nínú wọn ni tìrẹ, káńsẹ́lọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tó ń gbowó oṣù lórúkọ rẹ. Lọ wá a kàn, kí o kí i, kí o sọ fún un pé o fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: "Ọmọ Ìjẹ̀bú wa" kẹ̀? Tísà, ẹ forí jì mí o, Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Awólọ́wọ̀ sí ní 1909. Rẹ́mọ ni Ìkẹ́nnẹ́ wà. Ọmọ Rẹ́mọ ni. Ẹ fi tiwa sílẹ̀ fún wa.

Alárè Gidi: Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ ni gbogbo ayé ń pè yín kí wọ́n tó bí ọ. Ìjẹ̀bú ló ṣáájú nínú orúkọ yẹn.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Àwọn òyìnbó àti àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa da ilẹ̀ pọ̀ ló ń pè wá bẹ́ẹ̀. Akárígbò ni ọba wa, Ṣàgámù ni ààfin rẹ̀ wà. A ò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni.

Tísà Àná: Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, kì í ṣe ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń sọ.

Akọ̀wé Wọ́ọ̀dù: Jídé, mo ka ohun tí o kọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń kó gbogbo ipò, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yẹn yan ẹni tí yóò fà kalẹ̀ ni ọjọ́ ìdìbò gan-an. Ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Akọ̀wé wọ́ọ̀dù ni mí ní agbègbè Odógbolú, èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó wá sípàdé. Àwọn tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni mò ń kọ, àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn awakọ̀, àti àwọn tó ń wá iṣẹ́ kọngílá. Ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé gíga kì í ju ẹyọ kan lọ, òun náà á dìde kí ìpàdé tó parí. Ìpàdé wa a máa gùn, mi ò ní purọ́ fún yín. A óò gbàdúrà, a óò kí ara wa, a óò jà lórí owó tí wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni orúkọ ti ń jáde. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ ló yan káńsẹ́lọ̀ fún un. Ìdí tí ọmọ wa kò fi mọ káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Jídé Ìjagun: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Orúkọ ti jáde láti yàrá bàbá ìsàlẹ̀ kí ẹ tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn ń mú un wá fún yín kí ẹ lè pàtẹ́wọ́ ni.

Akọ̀wé Wọ́ọ̀dù: Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Nígbà míì wọ́ọ̀dù á kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n mú ẹnì kan wá fún wa nígbà kan tí kò gbé àdúgbò wa rí. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló kọ̀ ọ́. Wọ́n ní àwọn ò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, wọn ò sì ní í gbà. Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì mú un padà. Kò sí ọ̀dọ́ kankan nínú àwọn tó jókòó lọ́jọ́ náà.

Jídé Ìjagun: Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn.

Akọ̀wé Wọ́ọ̀dù: Ẹ̀ẹ̀kan tí mo rí pẹ̀lú ojú mi.

Oníkẹ̀kẹ́ Sábó: Ìyá ọlọ́jà tó lè jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú láìta ọjà, àwọn nìyẹn ló yẹ ká fi ṣe sẹ́nétọ̀ 😂

Káàdì Lọ́wọ́: Káàdì ìdìbò. Káàdì ìdìbò. INEC tún ṣí ìforúkọsílẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè gbà á. Ẹni tó bá ṣí kúrò ní Èkó wá sílé lè gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ibi tó ń gbé báyìí. Kí lẹ tún ń dúró dè?

Jídé Ìjagun: Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí owó. Wọ́n ṣòfin kan tí Buhari fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2018, pé ọmọ ọdún 25 lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ àti aṣojú-ṣòfin, pé ọmọ ọdún 35 lè du ipò ààrẹ. Gbogbo wa jó nígbà yẹn. Ọdún 2022 dé, APC ta fọ́ọ̀mù aṣòfin ìpínlẹ̀ ní mílíọ̀nù 2 náírà, ti aṣojú-ṣòfin ní mílíọ̀nù 10, ti ààrẹ ní mílíọ̀nù 100. Ọmọ ọdún 25 wo ló ní mílíọ̀nù méjì tó máa fi ra ìwé? Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa, wọ́n wá gbé ìloro rẹ̀ ga débi tí ẹsẹ̀ wa ò lè dé.

Bọ̀dá Fọlágbadé: Kábíyèsí Sikiru Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ wa tó wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n bí wọn ní oṣù karùn-ún 1934, wọ́n dé wọn ládé ní oṣù kẹrin 1960. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni wọ́n. Ọdún 65 ni wọ́n lò lórí ìtẹ́. Ta ló wá sọ pé ọmọ ọdún 25 kéré?

Tísà Àná: Oyè ìdílé nìyẹn, Fọlágbadé. Ilé ọlọ́mọọba ló mú wọn wá, àwọn afọbajẹ ló yàn wọ́n. Ọmọ tó bi wá léèrè yìí kò ní ilé ọba lẹ́yìn.

Bọ̀dá Fọlágbadé: Ọjọ́ orí ni mò ń sọ, sà, mi ò sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Ohun tí mo tún fẹ́ sọ nìyí. A ní rẹgbẹ́rẹgbẹ́ nílẹ̀ yìí. Àwọn tí wọ́n bí láàrin ọdún díẹ̀ síra wọn, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n ní alága, wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ní àpò owó, wọ́n mọ orúkọ ara wọn. Bí Iléyá bá di ọjọ́ kẹta, wọ́n á ti Èkó, wọ́n á ti òkè òkun dé fún Ojúde Ọba. Kí ló dé tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè pe káńsẹ́lọ̀ àti alága káńsù wá síwájú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi owó ìlú ṣe? Ọ̀dọ́ tó bá wọ ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀ á kọ́ ìpàdé ṣíṣe, á kọ́ owó kíkó jọ, á kọ́ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí òṣèlú ń béèrè náà nìyẹn.

Alárè Gidi: Fọlágbadé, mo bẹ̀ ọ́, má kó òṣèlú wọ Ojúde Ọba. Ọjọ́ yẹn nìkan ló kù tí gbogbo wa ń jókòó pọ̀, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, oníṣẹ̀ṣe, ọmọ ẹgbẹ́ yìí, ọmọ ẹgbẹ́ tọ̀hún. Bí òṣèlú bá wọ ibẹ̀, wọn óò pín wa. Wọn óò bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ fún rẹgbẹ́rẹgbẹ́.

Bọ̀dá Fọlágbadé: Wọ́n ti ń wá síbẹ̀ wá juwọ́ sí wa tẹ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n kúkú wá dáhùn ìbéèrè.

Alárè Gidi: Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Ohun tí ẹ̀yin Ìjẹ̀bú mọ̀ náà nìyẹn, aṣọ àti ẹṣin. Àwa ń ṣe òṣèlú.

Alárè Gidi: Ṣé o mọ̀ pé orí ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí o ti máa dákẹ́? Láti ìgbà tí Bísí Ọnàbánjọ ti kúrò nípò ní 1983, a ò dìbò yan ọmọ Ìjẹ̀bú kankan sípò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ́. Ẹ̀yin ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Gbénga Daniel láti Ṣàgámù, 2003 sí 2011. Dàpọ̀ Abíọ́dún láti Ìpẹru, láti 2019. Nígbà tí wọ́n bá ń pín ipò, ẹ̀ ń sọ pé ẹkùn sẹ́nétọ̀ Ogun East kan náà ni gbogbo wa, pé Ìjẹ̀bú ni yín. Nígbà tó bá kan Awólọ́wọ̀, Rẹ́mọ ni yín. Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni Rẹ́mọ ní nínú mẹ́sàn-án tó wà ní Ogun East. Mẹ́fà ni tiyín. Bí ẹni mẹ́ta bá borí ẹni mẹ́fà, ẹjọ́ ta ni? Ní 2023, Ìpẹru ni Abíọ́dún ti wá, Ìpẹru náà ni Ládi Adébùtú tó ń bá a du ipò ti wá. Ìlú kan ṣoṣo! Ẹ̀yin wà níbo nígbà yẹn?

Alárè Gidi: A wà nílé, à ń ṣiṣẹ́ owó tí ẹ̀ ń ná.

Ọmọ Ìlaròó: Ẹ dákun, ẹ̀yin méjèèjì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, Yewa kò tíì jẹ gómìnà rí. Ẹ̀ ń jà sí ẹran, àwa ò tíì fẹnu kan omi ọbẹ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ Sábó: Ẹ fún Ìlaròó ní ọbẹ̀ o!

Aláṣọ Òkè-Ajé: Ìkọ́kọrẹ́ ni kí ẹ fún un, ó máa yó.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Ìkọ́kọrẹ́ kẹ̀? Ìrẹsì ọ̀fadà ni, pẹ̀lú ata dúdú.

Alárè Gidi: Ẹ tún fẹ́ gba oúnjẹ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ṣadé Ìlíṣàn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan kan jáde nínú ohun tí Rẹ́mọ Nílé Lóko sọ, kí ẹ tó lọ sí ìdí oúnjẹ. Ní ìdìbò gómìnà ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2023, ìbò 276,298 ni INEC kéde fún Abíọ́dún, 262,383 fún Adébùtú. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 13,915. Ẹ pín in sí wọ́ọ̀dù 236. Kò tó ìbò 60 ní wọ́ọ̀dù kan. Jídé, àwọn tó wà nínú gúrúpù Wọ́sáàpù kíláàsì rẹ ju 60 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún mi pé ìbò kì í kà, mo máa ń bi í pé ìbò ibo ló ń sọ. Ti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́tọ̀, OGSIEC tó jẹ́ àjọ ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Ti gómìnà, ti aṣòfin, ti ààrẹ lọ́tọ̀, INEC ló ń ṣe é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ èkíní kò sọ fún ọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ èkejì.

Jídé Ìjagun: Àǹtí Ṣadé, ẹ yọ dìbò-kóo-sebẹ̀ kúrò nínú ìṣirò yẹn ná, ká wo iye tó máa kù.

Ṣadé Ìlíṣàn: Mi ò lè yọ ọ́, nítorí kò sí ẹni tó kà á. Ṣùgbọ́n nígbà ìdìbò 2023 yẹn, Òfin Ìdìbò ti 2022 ló wà, ó sì sọ pé ẹni tó fún ni lówó àti ẹni tó gbà á, ìtanràn lè tó 500,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì.

Aláṣọ Òkè-Ajé: Ṣadé, ẹ máa rọra o. Ẹni tó gba owó yẹn, ṣé o rí ìkòkò rẹ̀? Mo mọ obìnrin kan tó gbà á, ó fi ra gààrí fún ọmọ mẹ́ta. Ṣé òun lẹ fẹ́ rán lẹ́wọ̀n?

Ṣadé Ìlíṣàn: Mà, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n gààrí yẹn tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ọdún mẹ́rin ni ẹni tó ra ìbò náà lò.

Aláṣọ Òkè-Ajé: Ìwọ ò tíì rí ọjọ́ tí gààrí tán rí, lo ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣadé Ìlíṣàn: Mo ti rí i, mà. Ìyá mi ta ẹ̀kọ lójú pópó láti fi rán mi nílé-ìwé. Ìdí tí inú fi ń bí mi nìyẹn.

Káàdì Lọ́wọ́: ẸNI TÓ BÁ TA ÌBÒ, Ó NÍ KÁÀDÌ. ẸNI TÍ KÒ NÍ KÁÀDÌ ŃKỌ́? Ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ BVAS lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ kò pé mílíọ̀nù 26. Níbo ni àwọn tó kù wà? Àwọn ló ń kọ̀wé síbí.

Jídé Ìjagun: Níbi tí àwọn tó kù wà kò ṣòroó mọ̀. Ó ti sú wọn.

Ọmọ Mọ̀lípà: Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti kọ ohun tí Tísà àti Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé sọ sílẹ̀. Ìbéèrè mi kan ṣì kù: bí mi ò bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan ńkọ́? Ṣé ọ̀nà míì wà? Mo lọ sí ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, láàárọ̀ Sátidé kan, alága ní ìpàdé àwọn onílé ni, pé kí n lọ pe lánlọ́ọ̀dù mi wá.

Aláṣọ Òkè-Ajé: Àwọn onílé ló dáwó ra tiransfọ́mà. Ó yẹ kí wọ́n ní ẹnu níbẹ̀.

Akọ̀wé Wọ́ọ̀dù: Ìyá, ayálégbé náà dáwó tiransfọ́mà. Lánlọ́ọ̀dù gbé e lé owó ilé ni.

Ṣadé Ìlíṣàn: Àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dá ọ padà. CDA wà fún ìdàgbàsókè gbogbo àdúgbò, onílé àti ayálégbé ló ń rìn lójú ọ̀nà kan náà. Padà lọ, kí o mú ọ̀dọ́ méjì-mẹ́ta dání, kí ẹ ní ẹ fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ akọ̀wé fún wọn. Àwọn àgbà kì í kọ ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé fún wọn. Nígbà tí ìwé ìpàdé bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ lo mọ ohun tí káńsẹ́lọ̀ ṣèlérí àti ọjọ́ tó ṣe é.

Ohun kejì ni owó. Iye tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rí gbà láti àpò ìjọba àpapọ̀ lóṣooṣù kì í ṣe àṣírí. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde wà níbẹ̀, orúkọ Ìkẹ́nnẹ́ wà níbẹ̀. Ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ wa fún 2025 nìkan lé ní tírílíọ̀nù kan náírà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá lọ́wọ́ gómìnà mọ́. Ta ló ń bèèrè ní àdúgbò wa pé ibo ni ìdájọ́ yẹn dé? Òfin kan wà láti 2011, òfin òmìnira láti gba ìròyìn. Ó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba, kí ó bèèrè iye tí wọ́n ná lórí gọ́tà tàbí ilé ìwòsàn kan. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. O ò ní láti sọ ìdí tí o fi ń bèèrè. Kò gba bàbá ìsàlẹ̀. Ìwé àti báírò ni, kí o sì mú kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́ rẹ.

Lọ́jọ́ ìdìbò, bí o bá ti dìbò tán, dúró. Gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka á, ya àwòrán ìwé èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, kí o wá lọ wo IReV tí INEC ń gbé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí, bóyá ohun kan náà ni. Bí ọ̀dọ́ kan bá ń ṣe ìyẹn ní ibùdó kọ̀ọ̀kan láti Àbígí dé Ìṣarà, ọ̀rọ̀ á yí.

Jídé Ìjagun: Mo mọ ẹni tó kọ irú lẹ́tà yẹn. Wọn ò dáhùn.

Ṣadé Ìlíṣàn: Ṣé ó lọ sílé-ẹjọ́? Òfin fún un láyè.

Jídé Ìjagun: Owó lọ́yà ńkọ́?

Oníkẹ̀kẹ́ Sábó: Kí ẹ pín lẹ́tà yẹn sí gúrúpù tó ju 60 lọ yẹn, kí kálukú kọ tirẹ̀. Lẹ́tà 60 á mú akọ̀wé dìde lórí àga.

Ṣadé Ìlíṣàn: Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn o, Oníkẹ̀kẹ́.

Alárè Gidi: Rẹ́mọ Nílé Lóko, o ti sá? O ò dáhùn ọ̀rọ̀ mi.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Mo lọ jẹun. Kí ni mo fẹ́ dáhùn? O ní ọmọ Ìjẹ̀bú ò jẹ gómìnà. Ẹ lọ máa lọ sípàdé wọ́ọ̀dù, bí Akọ̀wé ṣe wí. Àwa ń lọ.

Akọ̀wé Wọ́ọ̀dù: Ẹ má fi orúkọ mi jà o.

Alárè Gidi: Kò burú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí àwọn bàbá wa ti ń bèèrè fún sílẹ̀, ìgbà yẹn a óò mọ ẹni tó ń jẹ gómìnà.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú? Orúkọ yẹn gan-an ni ìjà. Bí a bá fẹ́ jọ wà pọ̀, ẹ pè é ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, tàbí kí ẹ wá orúkọ tí kò ní dá ẹnì kan lọ́lá ju ẹnì kejì lọ.

Alárè Gidi: Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, o ò fẹ́ ká pè ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ!

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Fún èèyàn, rárá. Fún ìpínlẹ̀, a lè jọ sọ ọ́.

Tísà Àná: Ọmọ yìí bèèrè ibi tí ọ̀dọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ẹ gbé e dé.

Alárè Gidi: Tísà, ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ náà ni. Bí ìpínlẹ̀ bá wà, iṣẹ́ á wà. Àwọn ọmọ wa ò ní máa sáré lọ sí Abẹ́òkúta nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Ọmọ Ìlaròó: Ẹ tètè máa lọ. Bí ẹ bá ti lọ, Ẹ̀gbá nìkan ló kù tí àwa ó máa bá ṣe é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mi ò tíì ka gbogbo ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ìjẹ̀bú yẹn, ta ló sọ pé Ìjẹ̀bú-Òde ni olú-ìlú?

Alárè Gidi: Ta ló sọ ọ́? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Àwa ò mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ wa pọ̀, igi wa pọ̀, yunifásítì sì wà l'Ágọ̀-Ìwòyè nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹ wá sọ ohun tí Ìjẹ̀bú-Òde ní.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Ṣàgámù ló wà lóríta ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Benin. Ẹni tó bá ń lọ sí ìlú yín méjèèjì láti Èkó, ẹnu ọ̀nà wa ló ń gbà kọjá.

Alárè Gidi: A lè gba Ẹ̀pẹ́ wọlé.

Rẹ́mọ Nílé Lóko: Ẹ máa gba Ẹ̀pẹ́ nígbà náà.